Mọjọlá Agbẹ̀bí àti Àwọn Ìjọ Àkọ́kọ́ ní Èkó

Ọ̀nà tí ó ti Badagry wá sí Èkó gba Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kọjá. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì yà sí Festac Town, yóò rí oríṣiríṣi ènìyàn tí wọ́n ń lọ sí ilé Ọlọ́run. Àwọn kan wọ kóòtù, wọ́n sì so táì mọ́ ọrùn. Àwọn mìíràn wọ agbádá, àwọn ìyàwó wọn sì wé gèlè. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọ aṣọ funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọn kò sì wọ bàtà. Bí dùrù ti ń dún níhìn-ín ni gángan ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ìlú Festac yìí pàápàá, nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn Adúláwọ̀ tí a ṣe ní ọdún 1977 ni ìjọba ṣe kọ́ ọ, kí àwọn àlejò tí ó ti òkèèrè wá lè rí ibi wọ̀ sí. Kò sí ẹni tí ẹnu ń yà níbẹ̀ bí Kristẹni bá ń jẹ́ Adébáyọ̀, tàbí bí oníwàásù bá gun orí àga ìwàásù pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà kan rí ní Èkó, irú ọ̀ràn báyìí ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó sì ń pín ìjọ kan ṣoṣo sí méjì. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ọjọ́ ayé wọn jà lórí rẹ̀ ni Mọjọlá Agbẹ̀bí, ẹni tí a kọ́kọ́ mọ̀ sí David Brown Vincent.

Kí a tó lè mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, ó yẹ kí a mọ irú Èkó tí ó bá. Ìsìn Kristi kò gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ìlú náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, gúnlẹ̀ sí Badagry. Kí ọdún náà tó parí, Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. ti dé bá a níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn méjèèjì dédé ronú kan Badagry. Àwọn Sàró ni ó fà wọ́n wá, àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì kó lọ sí Sierra Leone. Nígbà tí ilé fà wọ́n, wọ́n padà wá, wọ́n sì ń béèrè ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn àti ọmọ wọn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ní ọdún 1850, T. J. Bowen, ará Amẹ́ríkà ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, gúnlẹ̀ sí Badagry kan náà.

Ní ìparí ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1852, àlùfáà Gollmer ti ìjọ C.M.S. kó láti Badagry wá sí Èkó. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà wá. Lẹ́yìn náà ni J. M. Harden, Adúláwọ̀ kan tí àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà rán níṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ ìjọ tiwọn ní erékùṣù náà.

Ti àwọn Àgùdà yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó ti oko ẹrú Brazil àti Cuba padà, wọ́n sì ti mú ìsìn Kátólíìkì bọ̀ kí àlùfáà kankan tó tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pa Antonio. Kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà ní Bahia ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Òun ni ó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ fún àdúrà. Nígbà tí Fadá Borghero bẹ Èkó wò ní ọdún 1863, ìjọ tí kò ní àlùfáà ni ó bá, tí iná ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì kú. Ọdún 1868 ni àwọn àlùfáà tó wá jókòó tì wọ́n.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní ìlú kékeré kan tí omi yí ká, àwọn Sàró ń gbàdúrà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Olówógbówó, àwọn Àgùdà ń gbàdúrà ní èdè Potogí àti Látìn ní Pópó Àgùdà, àwọn Onítẹ̀bọmi sì ń ri àwọn tí ó gbàgbọ́ bọ omi pátápátá. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn olórìṣà pọ̀ ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì ń wò wọ́n. Ẹni tí ó bá rò pé ìjọ kan ṣoṣo ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ìyapa sì wá bà á jẹ́ lẹ́yìn náà, kò mọ ìtàn Èkó.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1860 ni a bí David Brown Vincent. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, kátíkíìsì ni nínú ìjọ C.M.S. Orúkọ òyìnbó tí a sọ ọmọ náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu láyé ìgbà náà. Ní Sierra Leone, orúkọ àwọn òjíṣẹ́ òyìnbó tàbí ti àwọn olóore tí ń fi owó ránṣẹ́ láti ìlú Òyìnbó ni a máa ń fún àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ níbi ìrìbọmi wọn. Àjàyí, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London ni ó ń jẹ́. Àṣà náà bá àwọn Sàró wọ Èkó. Wọ́n gbà pé bí ènìyàn bá bọ́ ìwà àtijọ́ sílẹ̀, ó yẹ kí ó bọ́ orúkọ àtijọ́ náà sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Vincent nígbà tí a rán an wá sí Èkó fún ẹ̀kọ́. Láti ọdún 1874 dé 1877 ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn C.M.S. ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí ó jáde, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé wọn ní Fàájì. Gbogbo ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin Èkó lè máa lépa nígbà náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́: ó mọ ìwé, ó ní iṣẹ́ tí ó níyì, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ sì ni. Bí ó bá fara balẹ̀, kò sí ohun tí kò jẹ́ kí ó di àlùfáà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1880 ìjọ C.M.S. dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn. Kò padà lọ bẹ̀bẹ̀, kò sì fi ìsìn sílẹ̀ lọ ṣòwò bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé Ọlọ́run kan bọ́ sí òmíràn. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà Èkó ti máa pè é ní aláìnídúró. Bí ó ti wù kí ó rí, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta péré, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti fi ojú ara rẹ̀ rí inú ìjọ tí ó pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ àlùfáà rí títí wọ́n fi kú. Ní ọdún 1883 ó wọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, lábẹ́ W. J. David, òjíṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ìdí wà tí ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi fi lè wọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe àkóso ara rẹ̀, òun ni ó sì ń yan olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ìjọ fi rí i pé ohun tí a kọ́ wọn nínú ìwé kọ́ ni a ń ṣe sí wọn. Moses Ládẹ̀jọ Stone, ọmọ Yorùbá tí a ti fi joyè òjíṣẹ́ láti ọdún 1880, ni ó ń ṣe olùṣọ́ ìjọ tí ó wà ní Èkó. Ọ̀rọ̀ owó oṣù dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti David. David lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì bi ìjọ léèrè. Àwọn ọmọ ìjọ bẹ̀bẹ̀ pé kí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, David kọ̀ jálẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà David lè sọ pé owó Amẹ́ríkà ni a fi ń bọ́ òjíṣẹ́, ẹni tí ó sì ń san owó ni ó ní àṣẹ. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1888, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìjọ dìde, wọ́n fi ilé Ọlọ́run tí wọ́n ti ń jọ́sìn sílẹ̀ fún David, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ Stone. Native Baptist Church ni wọ́n pè é. Vincent wà lára àwọn tí ó ṣáájú, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn alápatà, àwọn oníṣòwò, àwọn akọ̀wé àti àwọn obìnrin ọjà ni yóò máa dá owó tí òjíṣẹ́ wọn yóò jẹ. Bí wọn kò bá dá a, kò sí lẹ́tà tí a lè kọ sí òkè òkun. Nínú gbogbo ìjọ tí ó yapa kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó nílẹ̀ Yorùbá, ìjọ yìí ni ó ṣáájú.

Kò pẹ́ tí iná náà fi ràn dé ilé kejì. Ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó inú C.M.S. dojú kọ iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́bàá odò Ọya, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Bàbá arúgbó náà, tí ó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù láti ọdún 1864, kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ọ̀mọ̀wé Edward Blyden ti Liberia wá sí Èkó, ó sì sọ fún àwọn Kristẹni ìlú náà pé ó yẹ kí wọ́n ní ìjọ tí ó jẹ́ ti Áfíríkà. Ní oṣù kẹjọ, àwọn kan tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dá United Native African Church sílẹ̀. Èkó wá kún fún àríyànjiyàn. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ní aya méjì lè jẹ ara Olúwa? Ǹjẹ́ a lè lu ìlù nínú ilé Ọlọ́run? Orí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni bàbá àti ọmọ ti ń bá ara wọn jiyàn nínú ilé.

Ní ọdún 1894 ni Vincent lọ sí Liberia, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà ti fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ọdún yẹn náà ni ó bọ́ orúkọ David Brown Vincent sílẹ̀ tí ó di Mọjọlá Agbẹ̀bí. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ láyé náà. J. H. Samuel, ọ̀gá ilé ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì, di Adégbóyèga Ẹ̀dun. Joseph Pythagoras Haastrup di Adémúyìwá Haastrup. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yí orúkọ padà ṣì ń wọ kóòtù lọ sí ibi iṣẹ́. Agbẹ̀bí kó aṣọ òyìnbó dànù pátápátá. Agbádá ni ó ń wọ̀ lọ sóde, òun ni ó ń wọ̀ wàásù, òun náà ni ó sì wọ̀ nígbà tí ó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní ọdún 1903 àti 1904, níbi tí òtútù kì í ṣojúsàájú.

Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Èkó ìgbà náà, aṣọ ni a fi ń mọ ẹni tí ojú rẹ̀ là. Ẹni tí ó bá mọ ìwé tí ó sì wọ agbádá dàbí ẹni tí ó ń padà sẹ́yìn. Ohun tí Agbẹ̀bí ń sọ kò sì ju èyí lọ: pé Kristi kò wá sáyé láti wá sọ ọmọ Yorùbá di òyìnbó. Kò yí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ padà. Onítẹ̀bọmi ni ó jẹ́ láti òkè délẹ̀, ó sì ń ri ènìyàn bọ omi gẹ́gẹ́ bí David ti ń ṣe. Aṣọ tí wọ́n gbé wọ ìsìn náà nílẹ̀ Òyìnbó ni ó ń bọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ìgbà tí Bẹ́tẹ́lì pé ọdún kan ni ó sọ gbogbo èrò yìí jáde ní gbangba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's ní Breadfruit ti bínú jáde lẹ́yìn ìjà láàárín wọn àti Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell lórí ọ̀ràn àlùfáà wọn, James Johnson, wọ́n sì dá African Church, Bẹ́tẹ́lì, sílẹ̀. Ohun kan ya ènìyàn lẹ́nu nínú ọ̀ràn náà. James Johnson, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde, kò bá wọn lọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Adúláwọ̀ nínú ìjọ, síbẹ̀ ó gbà pé inú ilé ni a ti ń tún ilé ṣe. Agbẹ̀bí gbà pé bí onílé kò bá jẹ́ kí a tún un ṣe, kí a kọ́ òmíràn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì fẹ́ ohun kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá a ni kò pa pọ̀.

Ní ìparí ọdún 1902, àwọn ará Bẹ́tẹ́lì pe Agbẹ̀bí, Onítẹ̀bọmi, pé kí ó wá wàásù níbi àjọ̀dún wọn. Ó wàásù náà, ó sì ka àwọn ẹrù tí kò yẹ kí ìjọ Áfíríkà máa rù: orúkọ òyìnbó, aṣọ òyìnbó, ìwé orin òyìnbó, àti dùrù tí a ti òkè òkun gbé wá. Ó fi yé wọn pé ìjọ tí kò bá ta gbòǹgbò nínú ilẹ̀ kò lè pẹ́ níbẹ̀. Ìwàásù náà di ìwé ní Amẹ́ríkà. Blyden kà á, ó sì yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà wà, nítorí àwọn tí Agbẹ̀bí ń bá jà jù lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fetí sí. Ní ọdún 1907, àwọn Adúláwọ̀ kan ní New York, tí John Edward Bruce ṣáájú wọn, kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti máa fi rántí rẹ̀, nígbà tí ó ṣì wà láàyè.

Kì í ṣe orí pèpéle Èkó nìkan ni ó ti ṣiṣẹ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí agbègbè ẹnu odò Ọya, ó sì dá ìjọ sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ Yorùbá, láìsí owó oṣù láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òkèèrè kankan. Iṣẹ́ yìí kò gbé orúkọ rẹ̀ ga tó ìwàásù Bẹ́tẹ́lì, ṣùgbọ́n òun ni ó gba agbára rẹ̀ jù. Ní oṣù keje ọdún 1911, ó lọ sí àpérò ńlá kan ní London, níbi tí àwọn ènìyàn oríṣiríṣi ẹ̀yà ayé ti pàdé, ó sì ka ìwé kan níbẹ̀ tí ó fi ṣàlàyé àṣà àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún àwọn tí ó ti rò pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú wọn.

Ìpàdé tí ó yí gbogbo nǹkan padà kò sí ní London. Ìbàdàn ni, ní oṣù kẹta ọdún 1914. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kọjá lẹ́yìn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi Èkó pín. David ti padà sí ìlú rẹ̀ tipẹ́, Stone náà ti padà sọ́dọ̀ ìjọ tí ó ti kúrò. Àwọn ìjọ tí ó wà lábẹ́ àwọn òyìnbó àti àwọn tí ó ti dá dúró wá pàdé, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a pè ní Yoruba Baptist Association, èyí tí ó di Nigerian Baptist Convention nígbà tí ó yá. Nígbà tí ó kan yíyan ààrẹ, àwọn òyìnbó jókòó níbẹ̀, àwọn Adúláwọ̀ jókòó níbẹ̀, Agbẹ̀bí ni wọ́n sì yàn. Ó wọ inú ìṣọ̀kan náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti agbádá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó kọ́kọ́ bọ́ wọn sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ó fi ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1917 ni Mọjọlá Agbẹ̀bí kú, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọdún kan náà ni James Johnson kú, ó sì kú nínú ìjọ tí a ti bí i. Ọdún náà ni àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Èkó yapa, tí wọ́n dá ìjọ tí a mọ̀ sí Eléjà sílẹ̀.